Sípíríngì Tó Ń Gbọ́ràn sí Bọ́tìnì

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo gbé wá lónìí, kì í sì í ṣe ti ọ̀kadà tó ń gbéni dé ọjà. Alùpùpù ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń di ẹrù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, tó lè sáré lórí títì ọ̀dà, tó sì lè wọ ọ̀nà eléruku láìbẹ̀rù. Nínú gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba kòtò mọ́ra kí kòtò má baà dé eegun ẹ̀yìn ẹni. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ìrìn-àjò òde òní, wọn kì í fi sípánà tún ṣọ́ọ̀kì yìí ṣe mọ́. Bọ́tìnì kan wà lẹ́bàá ọwọ́ òsì. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á sì mú un le tàbí kó mú un rọ̀.

Àwọn tó ń tà á máa ń pariwo pé ó mú ìrìn-àjò tuni lára, pé ó gbọ́n ju ẹni tó jókòó lé e lọ. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gun ọ̀kan nínú wọn, ohun tí mo rí ni pé àìsàn tí bọ́tìnì yìí wò sàn gan-an ni ọ̀lẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń ṣe, sípánà àti sikurudíráfà ti lè ṣe é tipẹ́. Àwa la ò jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ká ṣe é.

Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì ọ̀kadà rí á ti kíyè sí òrùka irin kan lẹ́sẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, tí wọ́n gé etí rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Mẹkáníìkì á fi sípánà tó tẹ̀ kọrọdọ mú un, á yí i, sípíríngì á fún pọ̀ sí i, ìdí alùpùpù á sì ga. Ọlọ́kadà tó ń gbé èèyàn méjì pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ mọ iṣẹ́ òrùka yẹn dáadáa. Kí ló máa ń ṣe? Á yí i dé ìpele tó le jù, á sì fi í síbẹ̀ títí alùpùpù náà á fi gbó. Nígbà tó bá wá ku òun nìkan lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ló máa ń kà fún un lẹ́yìn.

Àwọn olówó ìlú òyìnbó kò sàn jù ú lọ. Alùpùpù ńlá tí wọ́n rà ní kókó kan lábẹ́ ìjókòó tí wọ́n fi ń fún sípíríngì pọ̀, ó ní ìdè kéékèèké tí wọ́n fi ń mú ṣọ́ọ̀kì le tàbí kó rọ̀, ìwé tó bá a wá sì sọ iye ìgbà tí èèyàn gbọ́dọ̀ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá gbé èèyàn kan tàbí méjì. Inú àpótí lábẹ́ ìjókòó ni ìwé náà máa ń wà, nínú ọ̀rá tí wọn kò já. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe tò ó, fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò sanra tí kò sì rù, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gùn ún lọ sí ìsinmi, ti ìyàwó ti ẹrù.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Bí ẹ̀yìn alùpùpù bá rì lábẹ́ ẹrù, iwájú rẹ̀ á gbé orí sókè. Iná iwájú á kúrò lójú títì, á bọ́ sójú ẹni tó ń bọ̀. Táyà iwájú á fúyẹ́ lórí ilẹ̀, alùpùpù á sì máa ṣe agídí láti yà. Ẹ̀yin fẹ́ gba inú kọ́nà, òun ń fà lọ sí ìta. Ṣọ́ọ̀kì tó sì ti rì tán kò ní àyè kankan mọ́ tí yóò fi gba kòtò mọ́ra. Á kan ìsàlẹ̀ gbàà, ẹni ẹ̀yìn á sì fi ìbàdí gbà á. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tọkọtaya lórí alùpùpù, orí ṣọ́ọ̀kì ló yẹ kí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé inú rẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń dà á pọ̀. Sípíríngì ló ń ru ẹrù. Ọ́ìlì ló ń pa ìfò. Bí sípíríngì bá dá wà láìsí ọ́ìlì, kòtò kan péré, alùpùpù á máa fò sókè sódò títí á fi bá kòtò mìíràn. Nínú ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, písítìnì kan ń rìn nínú ọ́ìlì, ọ́ìlì náà sì gbọ́dọ̀ gba ihò kéékèèké kọjá. Ẹ rántí sírínjì tí nọ́ọ̀sì fi ń fúnni lábẹ́rẹ́: bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀, omi inú rẹ̀ á tú jáde wàrà, bí ẹnu rẹ̀ bá há, àtàǹpàkò nọ́ọ̀sì á ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀kì. Ihò tó há ń mú un le, ihò tó fẹ̀ ń mú un rọ̀. Nítorí náà, ohun méjì la lè yí padà: bí sípíríngì ṣe fún tó, èyí tó wà fún ẹrù, àti bí ihò ọ́ìlì ṣe há tó, èyí tó wà fún ojú ọ̀nà àti eré.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ BMW ní Jámánì ṣe ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo iná bátìrì rọ́pò ọwọ́ èèyàn. Ọ̀kan ń yí ihò ọ́ìlì, ọ̀kan ń fún sípíríngì. Wọ́n pè é ní ESA, ara alùpùpù eléré kan tó ń jẹ́ K1200S ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e sí, ní 2004. Ní 2008 ló dé ara R1200GS, alùpùpù ìrìn-àjò tí wọ́n fi ń mọ ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tó wù mí jù nínú ti ìgbà yẹn ni àwòrán tó ń yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: akoto kan, fún ẹni tó dá gùn ún; akoto kan pẹ̀lú àpótí, fún ẹni tó dá gùn ún pẹ̀lú ẹrù; akoto méjì, fún ẹni méjì. Òkè náà wà níbẹ̀, fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Kò sí nọ́ńbà, kò sí iye ìgbà tí a ó yí ohunkóhun. Ọmọdé lè lò ó. Ẹni tó ronú kan àwòrán yẹn ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni owó oṣù rẹ̀ kéré jù.

Òfin kan wà nínú lílo rẹ̀. Èèyàn lè yí líle àti rírọ̀ ọ́ìlì padà bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè yí àwòrán akoto, ẹ gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fún sípíríngì ní iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́, òun ló ń gbé ìdí alùpùpù sókè, ó sì ń jẹ iná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló fẹ́ kí ìdí alùpùpù òun máa ga láàárín kọ́nà?

Ní 2010, àwọn ará Ítálì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi kún un. Ducati ṣe Multistrada 1200, pẹ̀lú ipò mẹ́rin: ti eré, ti ìrìn-àjò, ti ìgboro, àti ti inú igbó. Lórí èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì oníná nínú wọn, bọ́tìnì kan náà ló ń yí agbára ẹ́ńjìnnì àti ṣọ́ọ̀kì padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí, bí a ṣe tò wọ́n ni wọ́n ṣe ń dúró. Bí ojú ọ̀nà bá yí padà, àwa náà la máa tẹ bọ́tìnì mìíràn.

Ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún yẹn, BMW gbé Dynamic ESA sára R1200GS tuntun tó ń lo omi láti tu ẹ́ńjìnnì lára, Ducati náà sì gbé ti tirẹ̀ jáde, tí wọ́n pè ní Skyhook. Orúkọ yẹn ti wà ṣáájú alùpùpù náà. Dean Karnopp, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé èrò náà kalẹ̀ nínú ìwé ìwádìí kan ní 1974. Wọ́n ní ká kà á sí pé a fi okùn so ara ọkọ̀ mọ́ ojú ọ̀run, kó máa lọ gbọọrọ láìmì, kó jẹ́ pé táyà nìkan ni yóò máa gòkè tí yóò máa sọ̀ sínú kòtò. Kò sí ibi tí a ó ti so okùn mọ́ ọ̀run. Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ á máa wo ibi tí táyà ń lọ àti ibi tí ara alùpùpù ń lọ, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣí ihò ọ́ìlì, á máa dí i, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó lè dà bíi pé okùn náà wà. Ogójì ọdún dín ẹyọ kan ni èrò yẹn fi dúró de kọ̀ǹpútà tó kéré tó, tó yára tó, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n tó láti wà lábẹ́ ìjókòó alùpùpù.

Àṣìgbọ́ kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe níbí. Àwọn kan rò pé ṣọ́ọ̀kì yìí ń ti táyà wọ inú kòtò, tó sì ń fà á jáde. Kò ní agbára yẹn. Gbogbo ohun tó lè ṣe ni pé kó fi ara rọ̀ tàbí kó fi ara le sí ohun tí ojú ọ̀nà bá ṣe sí i. Bí kòtò bá tóbi ju gbogbo ìrìn sípíríngì lọ, bí 200 mìlímítà tó wà lẹ́yìn R1200GS bá tán, kọ̀ǹpútà náà á kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí ni.

Báwo ló ṣe wá rí láti máa bá a gbé? Ọ̀pọ̀ ìgbà, èèyàn kì í mọ̀ pé ó wà. Mo sọ èyí fún ìyìn rẹ̀. Ẹ mú àríwá Sikọ́tíláǹdì, níbi tí mo fẹ́ràn láti gun alùpùpù lọ. Ẹ máa wà lórí òpópónà tó tẹ́jú bí ẹní, lẹ́yìn náà ẹ ó yà sí ọ̀nà tóóró tí koríko hù sí àárín rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ irin gbọọrọ-gbọọrọ sí kí àgùntàn àti màlúù má baà kọjá. Ọ̀nà Bealach na Bà, tó gun òkè lọ sí Applecross, ga dé 626 mítà, ó ń lọ́ kọ́lọ-kọ̀lọ, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Lórí alùpùpù tó ń lo ìdè àti sikurudíráfà, ṣọ́ọ̀kì tó dára fún òpópónà máa fò lórí irin màlúù wọ̀nyẹn, èyí tó sì rọ̀ fún irin màlúù á máa mì bí ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ẹ bá padà sórí òpópónà. Ta ni yóò dúró nínú òjò Sikọ́tíláǹdì, bọ́ ìbọ̀wọ́, wá sikurudíráfà jáde, kó tún un tò nítorí ogún kìlómítà? Bọ́tìnì kan, tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ni gbogbo ìyàtọ̀.

Ẹni ẹ̀yìn ló tètè máa ń mọ̀. Ìyàwó mi kò bìkítà nípa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí mo bá yí ṣọ́ọ̀kì sí ti eré láìsọ fún un, ohùn rẹ̀ á dún nínú akoto mi:

"Bàbá Ṣèyí, kí lẹ tún tẹ̀ báyìí?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan o."

"Ẹ tẹ nǹkan. Ìdí mi ló sọ fún mi."

Mi ò tíì rí sẹ́ńsọ̀ tó yára tó yẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú alùpùpù yìí máa ń ṣì lò. Wọ́n á ní rírọ̀ ni ìtura, wọ́n á fi gbogbo rẹ̀ sí ibi tó rọ̀ jù lọ, ọwọ́ kò sì ní kúrò níbẹ̀. Fún ìgboro, kò burú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sá eré 110 kìlómítà ní wákàtí kan lórí títì tó ń lọ sókè-sódò, ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀ jù á máa mi í lórí mi í lẹ́sẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tu ọkọ̀ á sì rẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ibi àárín ni ìtura wà lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ àwọn tí alùpùpù wọn ní ipò tó fi mọ́ ti òjò, ti títì, ti eré, ti igbó, àti àwọn tí wọ́n lè fúnra wọn tò, tó jẹ́ pé méjì péré ni wọ́n ń lò. Èmi náà wà nínú wọn. Ìyókù, àwọn tó ń kọ ìwé ìpolówó ni wọ́n ṣe é fún.

Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo kà sí iṣẹ́ ńlá jù lọ tí iná mànàmáná ṣe lára ṣọ́ọ̀kì, mi ò ní mẹ́nu kan okùn ojú ọ̀run náà. Ọ̀rọ̀ gíga ni màá sọ. Alùpùpù ìrìn-àjò ga, nítorí pé ó nílò àyè lábẹ́ rẹ̀ fún òkúta àti gegele. Ìjókòó tó ga tó 850 mìlímítà kò ṣòro fún ọmọ Jámánì tó gùn bí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdènà fún ọ̀pọ̀ obìnrin àti fún ọkùnrin kúkúrú tó mọ alùpùpù gùn ju àwọn tó ga lọ. Kì í ṣe bó ṣe ń lọ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, bó ṣe ń dúró ni. Ẹ dúró níbi iná títì, ọ̀nà dagun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ na ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀, ohun tó wúwo ju igba kìlógíráàmù lọ sì ti ń tẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ kò sí. Kò sí alágbára tó lè gbé e dúró lẹ́yìn tó bá ti kọjá ibì kan. Ní 2021, Harley-Davidson gbé Pan America jáde, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó lè máa rọra sọ alùpùpù náà kalẹ̀ bí ó bá ti fẹ́ dúró, tí yóò sì gbé e sókè padà bó bá ti ń lọ. Ní 2023, BMW ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ sanwó rẹ̀ lórí R1300GS: 30 mìlímítà ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fojú kéré 30 mìlímítà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan tí a jọ ń gun alùpùpù, tó ti ń wo irú alùpùpù yìí lókèèrè fún ìgbà pípẹ́, ti wà lórí ọ̀kan báyìí, ó sì ń fi wá sẹ́yìn.

Ibi tí kọ̀ǹpútà kò gbọ́n dé náà wà, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ó yẹ ká pẹ́ díẹ̀. Àwọn alùpùpù tuntun kan lè fúnra wọn wọn ẹrù tó wà lórí wọn, kí wọ́n sì fún sípíríngì tó bó ṣe yẹ. Ìdí alùpùpù á ga padà, gbogbo rẹ̀ á rí bó ṣe yẹ kó rí, ẹni tó ń gùn ún á sì rò pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n gíga ìdí kò sọ pé ẹrù kò pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. R1300GS wúwo tó 237 kìlógíráàmù pẹ̀lú epo nínú táǹkì. Àpapọ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbà pé kó gbé, òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, jẹ́ 465. Ohun tó kù fún èèyàn àti ẹrù jẹ́ 228. Bí ọkọ bá wọn 95, tí ìyàwó wọn 80, tí aṣọ ìgunlùpùpù, bàtà àti akoto àwọn méjèèjì sì wọn 20, 33 péré ló kù. Àpótí mẹ́ta tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, kí èèyàn tó ki ohunkóhun bọ̀ wọ́n, ti jẹ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n wá gbé àgọ́, ìkòkò, àti gààrí? Sípíríngì tí kọ̀ǹpútà fún pọ̀ á gbé wọn sókè, bíréèkì àti táyà ló máa sọ òótọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, kọ̀ǹpútà náà kò sì lè sọ sípíríngì tín-ín-rín di èyí tó nípọn. Ẹni tó bá tóbi gan-an, tàbí tó ń gbé ẹrù kíkún nígbà gbogbo, sípíríngì mìíràn ló nílò, bọ́tìnì kò lè fún un.

Ẹ máa rántí Kúnlé Adéyanjú, tó gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní 2022, ọjọ́ 41 gbáko, láti fi kówó jọ fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Mo mẹ́nu kàn án nítorí ọ̀nà tó gbà. Láti òpópónà ilẹ̀ Faransé dé iyanrìn Sàhárà, títí dé ibi tí ọ̀dà ti parẹ́ tí kòtò ti gba ipò rẹ̀, ojú ọ̀nà tó gba ṣọ́ọ̀kì líle àti èyí tó gba rírọ̀ ló wà nínú ìrìn-àjò kan ṣoṣo, tẹrù tẹrù. Ẹni tó bá wo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ á rí ìdí tí wọ́n fi ṣe bọ́tìnì yìí. Á sì rí ìbéèrè tí àwọn tó ń ta alùpùpù kì í fẹ́ ká béèrè: bó bá bàjẹ́ láàárín Nouakchott àti Bàmákò ńkọ́?

Ìdáhùn rẹ̀ ní apá méjì. Apá tó dùn ni pé ìbàjẹ́ iná kì í sọ ṣọ́ọ̀kì di asán. Sípíríngì kò bá ilé-iṣẹ́ mànàmáná ṣe ohunkóhun. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bí iná lọ bí iná dé. Lórí ESA àkọ́kọ́, ibi tí ẹ̀rọ kékeré náà bá ihò ọ́ìlì dé kó tó kú ni ihò náà á wà. Ìkìlọ̀ á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, alùpùpù á le jù tàbí kó rọ̀ jù, ẹ ó sì máa lọ.

Apá tó korò ni ti ọ́ìlì. Ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ń gbó, ó ń fẹ́lẹ́, bí ti ẹ́ńjìnnì náà. Síìlì tó dí ẹnu ọ̀pá náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ àti iyanrìn sì ń ràn án lọ́wọ́. Lórí ṣọ́ọ̀kì lásán, èèyàn á kíyè sí i pé alùpùpù ti ń fò ju ti tẹ́lẹ̀. Lórí ti oníná, èèyàn á kàn tẹ bọ́tìnì sí èyí tó le, ara á tu ú, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ibi tó le jù pàápàá kò fi ní le mọ́. Bọ́tìnì náà ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí àṣírí bá sì tú, àkókò tí ilé-iṣẹ́ fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń ti kọjá. Wọ́n á ní kí ẹ ra odindi tuntun, owó rẹ̀ á sì mú kí ẹ jókòó. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní Yúróòpù tó ń tú u palẹ̀, tó ń yí síìlì àti ọ́ìlì rẹ̀, owó tiwọn sì mọ níwọ̀n. Ní ilé, mẹkáníìkì wa tó lè fi ojú lásán mọ àìsàn ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà kò tíì rí èyí tó pọ̀ tó kó fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn kan máa ń yọ gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì lásán tó dára rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì so ohun kékeré kan mọ́ wáyà tí yóò máa tan kọ̀ǹpútà jẹ pé ohun gbogbo wà ní ipò. Mi ò bá wọn wí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná kó sì máa pariwo iye ìlú tó ti dé. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà funfun nu ọ̀pá tó ń yọ tó ń wọlé lára ṣọ́ọ̀kì. Bí ọ́ìlì bá wà lára àkísà, ẹ ti rí ìdí tó fi ń tà á. Ẹ jẹ́ kó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí i láti akoto kan dé akoto méjì, kí ẹ tẹ́tí sí ìró ẹ̀rọ tó ń fún sípíríngì, kí ẹ sì fi ojú wò ó bóyá ìdí ga lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún kọjá búm̀pù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní ibi tó rọ̀ jù, lẹ́ẹ̀kan ní ibi tó le jù. Bí ẹ kò bá mọ ìyàtọ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Àwọn kan ti kọ̀wé béèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n san owó lé e. Ẹni tó ń dá gùn ún nígbà gbogbo, tí ẹrù rẹ̀ kò yí padà, kò nílò rẹ̀. Kó fi owó náà ra sípíríngì tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu àti táyà tó dára. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún ogún ọdún, kó tún inú rò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì ń gbé ìyàwó pẹ̀lú àpótí mẹ́ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó rà á tìgboyà-tìgboyà. Owó tó san, òun ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí tiyín kò ní bọ́tìnì, ẹ mú téèpù. Kí ẹni kan bá yín gbé alùpùpù títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò fi rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wọn ọ̀nà láti àárín táyà dé ibì kan lókè rẹ̀ lára férémù. Kí ẹ wá jókòó lé e pẹ̀lú aṣọ àti ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé, kí ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má ṣubú, kí wọ́n tún un wọ̀n. Lára alùpùpù tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ ń rìn tó 200 mìlímítà, ó yẹ kó ti rì tó nǹkan bíi 60. Bó bá rì tó 90, ẹ fún sípíríngì sí i. Bó bá rì 30 péré, ẹ tú u díẹ̀. Kí ẹ sì fi sípánà náà sínú àpótí tí ọwọ́ lè tètè tó.